Ṣé ká gbé ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa sórí biodiesel? Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí epo ti máa wá ná

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọkọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Àkúrẹ́ níbí ni mo wà. Kọ̀ǹgílá kan mú ìwé wá bá ọ̀gá wa pé òun fẹ́ gbé gbogbo ọkọ̀ wa kúrò lórí dísù bọ́ sórí biodiesel, pé epo pupa àti òróró àlòkù lòun máa fi ṣe é, pé owó tí à ń ná sórí epo á já sí ìdajì, ẹ́ńjìnnì ò sì ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Ọ̀gá ní kí n lọ wádìí ẹ̀ wá. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n fẹ́ fi wá jẹun ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, ọ̀rọ̀ ọjà náà sì wà níbẹ̀, ó kàn pò wọ́n pọ̀ ni. Pé ẹ́ńjìnnì dísù lè jó epo tí wọ́n ti ara òróró ṣe, ìyẹn kì í ṣe tuntun rárá, ní 1900 níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris, òróró ẹ̀pà ni wọ́n dà sí ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel ṣe, ó sì ṣiṣẹ́ débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ pé epo ibẹ̀ yàtọ̀. Ti ìdajì owó yẹn ni mi ò rí ibi tó ti fẹ́ jáde. Mo máa ṣàlàyé ẹ̀ gùn díẹ̀, torí mo mọ̀ pé wọ́n á bi ẹ́ ní ìbéèrè ní mítìn, mi ò sì fẹ́ kójú tì ẹ́.

Kọ́kọ́ lọ ka ọkọ̀ yín. Kì í ṣe iye tí ẹ ní o, iye tó ń mu dísù. Corolla ọ̀gá, bọ́ọ̀sì kéékèèké, kẹ̀kẹ́ Márúwá, pẹtiróòlù ni gbogbo ìyẹn, biodiesel ò kàn wọ́n, ẹni tó bá dà á sínú Corolla ti ra iṣẹ́ fún mẹkáníìkì nìyẹn. Àwọn tó kàn ni ọkọ̀ tó ń kó pàǹtírí, típà, grédà, katakata, ọkọ̀ tó ń pín omi, bọ́ọ̀sì ńlá kọ̀ọ̀kan, àti jẹnẹrétọ̀ ńlá tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé pé dísù lòun náà ń mu. Tó o bá kà wọ́n tán, ó ṣeé ṣe kó o rí i pé "gbogbo ọkọ̀ wa" tí kọ̀ǹgílá kọ sínú ìwé ẹ̀ ò ju ìwọ̀nba kan lọ. Ti jẹnẹrétọ̀ yẹn, kíyè sí i: èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lè lo biodiesel dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ gbé kalẹ̀ de ìgbà tí iná bá lọ, tí epo á wà nínú tánkì ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ má dà á sí i rárá, torí biodiesel kì í pẹ́ nílẹ̀ bíi dísù, ó ń bàjẹ́, ó dáa kẹ́ ẹ lò ó tán kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹ má sì fi jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn dán nǹkan kan wò fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí ọ̀gá ẹ mọ̀ pé biodiesel kì í ṣe òróró tí wọ́n kàn dà sí tánkì. Mo mọ àwọn tó máa ń sọ pé ká ṣáà po òróró mọ́ kẹrosíìnì, ọkọ̀ á máa lọ. Lóòótọ́ á lọ, fún ìgbà díẹ̀. Òróró ki ju dísù lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́wàá, nósù ò lè fọ́n ọn bó ṣe yẹ, kò ní jó tán, á wá máa di èédú mọ́ nósù àti ara písítìnnì, nígbà tó bá yá wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì yẹn palẹ̀. Kó tó di biodiesel, wọ́n á gbé òróró kaná dé bíi 60°C, wọ́n á da mẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí olóró kan tó ń jó bí epo) tí wọ́n ti po kọ́sítíìkì (sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ) mọ́ sí i, wọ́n á rò ó dáadáa, wọ́n á wá fi sílẹ̀ kó silẹ̀. Á pín sí méjì, biodiesel lókè, gílísárìnì tó dúdú nísàlẹ̀. Tí òróró bá jẹ́ 100 kílò, mẹ́tánọ́ọ̀lù á tó 11 kílò, ohun tó máa jáde ni biodiesel bíi 100 kílò àti gílísárìnì tó lé ní 10 kílò díẹ̀. Wọ́n á wá fọ biodiesel yẹn, wọ́n á gbẹ omi ara ẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó ṣàn bíi dísù.

Ó dà bí nǹkan tí èèyàn lè ṣe lẹ́yìnkùlé, àwọn kan sì ń ṣe é lẹ́yìnkùlé lóòótọ́. Ibi tó ti ń já wọn kulẹ̀ ni àsíìdì tó wà nínú òróró. Epo pupa wa, o mọ bá a ṣe ń ṣe é, wọ́n á kó ẹyìn jọ, á wà nílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan kó lè rọrùn láti yọ, àsíìdì á ti máa gòkè nínú ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kaná rárá. Òróró àlòkù náà, bí wọ́n bá ṣe ń din nǹkan nínú ẹ̀ ni tiẹ̀ ń gòkè. Tí kọ́sítíìkì bá pàdé irú epo bẹ́ẹ̀, ọṣẹ ló ń dà. Àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú pẹ̀lú eérú èèpo kòkó mọ iṣẹ́ yìí ju èmi lọ, ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni kọ̀ǹgílá yìí ń sá fún. (Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀: eérú èèpo kòkó yẹn náà, àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti dán an wò dípò kọ́sítíìkì láti fi ṣe biodiesel, ó sì ṣiṣẹ́ ní láàbù. Fún ìpínlẹ̀ tó kún fún kòkó bíi tiwa, nǹkan tó yẹ kí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, àti ìjọba jókòó lé lórí nìyẹn, ṣùgbọ́n láàbù yàtọ̀ sí ọkọ̀ pàǹtírí o.) Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ á kọ́kọ́ fi mẹ́tánọ́ọ̀lù àti sọ́fúríìkì ásíìdì pa àsíìdì ibẹ̀ kó tó wá gbé e bọ́ sí kọ́sítíìkì. Bi kọ̀ǹgílá yẹn báyìí: "Ẹ̀yin, tí àsíìdì epo bá pọ̀, kí lẹ máa ń ṣe?" Tó bá wò ẹ́ lójú tí kò rí nǹkan sọ, o ti rí ìdáhùn ẹ.

Ó wá kan ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn ibi tí òróró ti máa wá. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọkọ̀ dísù yín jẹ́ 20, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu 40 lítà lójúmọ́, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù. 20,800 lítà nìyẹn lóṣù kan. Tó bá jẹ́ biodiesel nìkan lẹ fẹ́ lò, òróró tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ díẹ̀ torí nǹkan máa ń ṣòfò, ó lé ní 830 kẹ́ẹ̀gì oní-25-lítà, loṣooṣù. Níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Òróró àlòkù? Àwa kì í da òróró nù níbí, àbúrò mi. Ìyá alákàrà tó ń din nǹkan lẹ́bàá Ọjà Ọba, àkàrà ló ń mu òróró ẹ̀ tán, tó bá fà á á fi tuntun lé e, bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ nìyẹn, kò sí nǹkan tó máa kù tó máa gbé fún ọ. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ òróró ni òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn ilé oúnjẹ ńlá, àwọn tó wà ní Alágbàká àti Ìjàpò bẹ́ẹ̀, kódà àwọn yẹn, àwọn kan ti ń rà á lọ́wọ́ wọn, òmíràn á sì padà sínú agbada ẹlòmíràn. Tẹ́ ẹ bá lè gba ìyẹn kúrò lọ́nà oúnjẹ, ẹ ti ṣe ará ìlú lóore, mo gbà, ṣùgbọ́n 830 kẹ́ẹ̀gì kọ́ lẹ máa rí.

San Francisco ní Amẹ́ríkà ṣe é ní 2007, wọ́n gbé àwọn ọkọ̀ dísù ìlú sórí B20 (ìyẹn ni pé nínú 100 lítà, 20 ni biodiesel, 80 tó kù dísù ni), lọ́dún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kó òróró àlòkù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n wo ìdí tó fi rọrùn fún wọn: lọ́dọ̀ wọn, òróró yẹn wàhálà ni, wọ́n ń dà á sí gọ́tà ó ń dí páìpù ìlú, ẹni tó bá ní òun fẹ́ wá kó o, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ọjà ni. Graz ní Austria tún ṣe é ṣáájú wọn, bọ́ọ̀sì méjì péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1994, ó sì tó ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kárí bọ́ọ̀sì ìlú. Kọ̀ǹgílá tiyín fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Epo pupa ńkọ́? Lọ sọ́jà, bèèrè iye kẹ́ẹ̀gì oní-25-lítà, pín in sí 25, gbé iye lítà kan ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ ń ra lítà dísù. Ìwọ fúnra ẹ á rí i. Láti bí ọdún mélòó kan báyìí, kò sígbà tí mo ṣírò ẹ̀ tí epo pupa ò gbówó lórí ju dísù lọ, a ò sì tíì fi mẹ́tánọ́ọ̀lù, kọ́sítíìkì, iná àti owó òṣìṣẹ́ lé e o. Lóòótọ́ a ní ọ̀pẹ, a ní oko ọ̀pẹ ńlá ní Òkìtìpupa láti ìgbà àtijọ́, Arákùnrin Akérédolú náà sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ gan-an nígbà tó ṣe gómìnà, ṣùgbọ́n epo tí Nàìjíríà ń ṣe ò tó èyí tí Nàìjíríà ń jẹ, a ṣì ń kó o wọlé láti òkèèrè. Ẹ ò lè máa bá ìyá tó fẹ́ se ọbẹ̀ du epo torí ọkọ̀ pàǹtírí. Àwọn ará Indonesia tó ń fi epo ọ̀pẹ ṣe biodiesel, àwọn ló ń ṣe epo ọ̀pẹ jù lọ láyé, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì gbé e gòkè, B30 ní 2020, B35 ní 2023, B40 ní 2025, síbẹ̀ náà, owó tí wọ́n ń gbà lórí epo ọ̀pẹ tó ń jáde lórílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n fi ń dí ihò tó wà láàárín iye biodiesel àti iye dísù. Ìjọba ìbílẹ̀ wo ló ní irú owó yẹn? Tí ẹnì kan bá tún ní ká lọ gé igbó ọba láti gbin ọ̀pẹ tuntun fún biodiesel, sọ fún un pé èéfín tó máa jáde láti ara igbó tó gé yẹn, ọkọ̀ yín á rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó san án padà.

Lápálápá náà wà, tí wọ́n pariwo ẹ̀ ní bíi 2007, 2008, pé kò gba ilẹ̀ tó dáa, pé ẹran ò ní jẹ ẹ́, pé á so lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ lóòótọ́, kì í kàn so dáadáa níbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ owó ló wọlẹ̀ sí i káàkiri ayé. Èyí tí èmi fẹ́ràn níbí ni èso rọ́bà, torí oko rọ́bà wà ní ìpínlẹ̀ wa, èso ẹ̀ ń jábọ́ lásán, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́, àmọ́ àsíìdì inú òróró ẹ̀ pọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló lè fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, B20 ni kẹ́ ẹ má kọjá. Kódà kẹ́ ẹ fi B5 bẹ̀rẹ̀. Ìlànà biofuel (epo tó wá láti ara irúgbìn) tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 náà, B20 ni wọ́n kọ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí ilé epo tí wọ́n ti ń tà á ní Àkúrẹ́ títí dòní. Pẹ̀lú B20, 4,160 lítà biodiesel lẹ nílò lóṣù nínú ìṣirò wa lẹ́ẹ̀kan, bíi 170 kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn ti sún mọ́ ohun tí èèyàn lè wá kiri. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìdajì owó ti fọ́: ká tiẹ̀ ní kọ̀ǹgílá yẹn bẹ̀rù Ọlọ́run tó fún yín ní biodiesel ọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́, 20 náírà nínú 100 náírà owó dísù yín ló lè dín kù, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá sì ní B100, ìyẹn biodiesel lásán, lòun ń sọ, agbára tó wà nínú lítà kan biodiesel kéré sí ti dísù ní bíi ìdá 8 nínú 100, ọkọ̀ á mu jù bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀. Ní B20, ìyàtọ̀ yẹn ò ju 1 sí 2 lọ, dírẹ́bà ò ní mọ̀.

Ti ẹ́ńjìnnì ò le, ṣùgbọ́n ó ní àwọn nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún. Biodiesel máa ń fọ nǹkan. Gbogbo ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí tí dísù ti fi sílẹ̀ nínú tánkì láti ọdún gbọ́ọ́rọ́, òun á hó o kúrò, á gbé e lọ dí fílítà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà, wọ́n á ní biodiesel ló bà á jẹ́. Ẹ fọ tánkì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ra fílítà sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Ohun èlò onírọ́bà nínú ọkọ̀ àtijọ́, àwọn Mercedes 911 tí wọ́n ṣì ń fi kó yanrìn yẹn, B100 máa ń jẹ wọ́n, wọ́n á rọ̀, wọ́n á máa jò. B20 kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí mẹkáníìkì máa wò ó. Omi ni ọ̀tá tó burú jù. Biodiesel ń fa omi ju dísù lọ, nínú òjò tiwa yìí, tí tánkì ilẹ̀ yín ò bá dé dáadáa, kòkòrò tí ojú ò rí á máa hù nínú ẹ̀, á di nǹkan tó ń yọ̀ bí ilá nísàlẹ̀ tánkì. Ẹ máa tú omi ìsàlẹ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti òtútù, biodiesel tí wọ́n fi epo pupa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní bíi 13 sí 16°C, àárọ̀ ọyẹ́ ní Àkúrẹ́ kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀, ní B20 kẹ́ ẹ má tiẹ̀ rò ó. Tẹ́ ẹ bá ń pò ó fúnra yín, dísù ni kó kọ́kọ́ wọ tánkì, biodiesel lẹ́yìn ẹ̀, torí òun ló wúwo jù, á rìn wọlẹ̀, á sì pò mọ́ ọn.

Kí ni èrè ẹ̀ wá? Èéfín. Àkójọ àyẹ̀wò tí EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2002 fi hàn pé B20 ń dín èérí dúdú inú èéfín kù ní bíi ìdá 10 nínú 100, carbon monoxide (gáàsì olóró inú èéfín) ní 11, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NOx, gáàsì míì tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, lè gòkè ní 2. Àwọn ọmọ tó ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pàǹtírí látàárọ̀ dalẹ́, àwọn ló máa kọ́kọ́ jẹ èrè yẹn. Ó tún ń ṣe bí òyìlì fún pọ́ǹpù, kódà ní ìdá 2 nínú 100. Tó bá jẹ́ òróró àlòkù ni wọ́n sì fi ṣe é, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa rùn bíi dùndún, ẹ ti gbọ́ o.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tánọ́ọ̀lù ni mi ò fẹ́ kó o fojú kéré, torí ìpínlẹ̀ wa ti rí i. Ní 2015 ní Òde-Ìrèlè, ojú ń fọ́ mọ́ àwọn èèyàn lórí, wọ́n ń kú, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àyẹ̀wò wá fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wọnú ògógóró tí wọ́n mu, ó lé ní mẹ́wàá èèyàn tó kú. Nǹkan yẹn náà ló máa wà nínú dúrọ́ọ̀mù ní ọgbà kọ̀ǹgílá yín. Ó ń gbiná kíákíá, iná ẹ̀ kì í hàn dáadáa lójú ọ̀sán, tí dúrọ́ọ̀mù kan bá sì sọnù, mo mọ ibi tó lè lọ. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sáàárín ilé táwọn èèyàn ń gbé, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń da gílísárìnì sí, torí mẹ́tánọ́ọ̀lù ṣì wà nínú ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tà á fún alọ́ṣẹ bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mo bá wà nípò ọ̀gá ẹ, mi ò ní fún un ní owó ilé iṣẹ́ kankan. Màá ní kó lọ ṣe epo ẹ̀ wá, màá ra lítà tó bá yege, èyí tí kò bá yege kó gbé e lọ. Ìlànà Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí B100 ṣe dáa sí ni ASTM D6751, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí ìwé àyẹ̀wò tẹ̀ lé ẹrù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ lọ bá àwọn ẹ̀ka kẹ́mísírì ní FUTA, àyẹ̀wò omi àti ti àsíìdì kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó gbé wọn rù. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí ìwọ fúnra ẹ lè ṣe: bu 3 mílílítà biodiesel sínú 27 mílílítà mẹ́tánọ́ọ̀lù, mì ín, fi sílẹ̀. Tó bá yòrò pátápátá, ó dáa. Tí òróró bá silẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kò tíì jinná, ẹ má jẹ́ kó já a sílẹ̀. (Fi ìbọ̀wọ́, má ṣe é nítòsí iná.)

Ọkọ̀ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí mẹ́ta míì tó jọ wọ́n máa lo dísù lásán, ẹ ṣí ìwé fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lítà tó wọlé, kìlómítà tó rìn, fílítà tẹ́ ẹ pààrọ̀, fún oṣù mẹ́fà kó lè kan òjò kó kan ọyẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ torí ohun kan tí ìwọ náà mọ̀: látọjọ́ tí biodiesel bá ti wọ tánkì, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ á di ẹ̀bi ẹ̀, títí kan táyà, dírẹ́bà tó ń fa epo tà lálẹ́ náà á sì ní biodiesel ló ń yára tán. Ìwé yẹn nìkan ló lè dá wọn lóhùn. Tó o bá ti rí iye dísù tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mu láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo èyí tó yẹ nínú wọn kó o tó lọ jókòó níwájú ọ̀gá.